Ihò Imú Ni Wọ́n Gbà Wọlé

Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti kúrò nílé. Ojú mi ṣì ń wo àwọn ilé gíga, ẹnu mi ṣì ń kí àwọn èèyàn tí kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n imú ti mọ̀, ó sì ti tilẹ̀kùn. Òtútù London ò bá mi ṣeré rárá. Mo rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni, pé bí ara bá mọ ìlú tán, yóò lọ. Ọ̀fìnkìn náà lo ọ̀sẹ̀, ó lo oṣù, ó rí i pé ibẹ̀ tù ú lára, ó bá kúkú kó ẹrù rẹ̀ wọlé. Ẹnu ni mo fi ń mí. Bí mo bá fẹ́ jẹun, mo ní láti dúró láàárín òkèlè kan sí èkejì kí n lè mí, bí ẹni tó ń gun òkè.

Nílé, a kì í ka imú dídí sí àìsàn. Ìjù-Odò ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ìyá mi ti ń ṣe púpurú tà. Ẹni tó bá ti ṣe púpurú rí mọ ohun tí mò ń sọ. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sì kó o sórí àjà kí iná àti èéfín máa gbẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Inú èéfín yẹn la ti ń kàwé, inú rẹ̀ la ti ń jà, inú rẹ̀ náà la ti ń gbàdúrà àárọ̀. Ọmọ tí imú rẹ̀ ò bá dí, ìyá mi á ní ó sá fún iṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un lórí fóònù pé imú mi dí, ẹ̀rín ló fi mí rín.

"Ọma mi," ó ní, "ta ni umú rẹ̀ kì í dí? Ṣé torí umú ni o ṣe pè mí?"

Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ gbóhùn yín ni. Òótọ́ sì ni.

Kò sí fóònù ní Ìjù-Odò nígbà náà. Ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi á wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, sílé ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ṣe tíṣà kí n tó kúrò nílé. Ọ̀gá ní fóònù, ó sì ní sùúrù. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi pé bí ìyá mi bá ti fẹ́ wá gba fóònù, aṣọ tó dára jù ló máa ń wọ̀, á sì tún gèlè rẹ̀ ṣe kó tó sọ pé "ẹlò," bí ẹni pé mo ń wò ó láti òdìkejì. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé yàrá mi, ó pa mí lẹ́kún.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ríṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Àǹtí Ìyábọ̀ ló mú mi débẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti pẹ́ ní London, nínú ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo wá ń ki ṣíìtì bọ ẹnu ayọ́ọ̀nù kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Nílé, bí mo bá wọ kíláàsì, gbogbo wọn ló máa ń dìde. Ṣíìtì kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ooru tó ń jáde lára ayọ́ọ̀nù náà máa ń la imú mi díẹ̀, níbẹ̀ nìkan ni mo sì ti ń mí bí èèyàn. Bí iṣẹ́ bá parí, tí àwọn yòókù ń sáré wá kóòtù wọn, èmi kì í yára. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti kan òtútù ìta, ilẹ̀kùn tún ti pa dé nìyẹn.

Àǹtí Ìyábọ̀ máa ń mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá. Ibẹ̀ ni mo rò pé n ó ti sinmi, àfi ìgbà tí wọ́n bi mí léèrè ibi tí mo ti wá.

"Ìkálẹ̀," mo ní.

"Ìlàjẹ?"

"Ìkálẹ̀. Òkìtìpupa."

"Áà, Òǹdó!"

Òǹdó kọ́, Ìlàjẹ kọ́. Bí mo bá gbàgbé ara mi, tí mo pe ọmọ ní ọma, tí mo pe ilé ní ulé, wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á sì pe àwọn ẹlòmíràn wá gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rọra rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo sọ fún obìnrin kan nínú wọn pé Ìjẹ̀bú tirẹ̀ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ mi pé a kì í fi ohùn ẹni ẹlẹ́ni ṣeré. Àǹtí Ìyábọ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé lórí fóònù pé mo ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn. Ní London, wọ́n ní èdè oko ni mò ń sọ. Nílé, wọ́n ní èdè rédíò ni. Mo bi ara mi pé ibo gan-an ni èmi ń gbé?

Ọ̀ràn imú di ọ̀ràn ojú lọ́jọ́ kan tí mo wà níwájú ayọ́ọ̀nù. Orí ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́, níwájú orí, lókè ojú ọ̀tún, mo sì ti ń fi pánádólù bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, ṣíìtì tó wà lọ́wọ́ mi di méjì. Mo di etí èyí tí kò sí níbẹ̀ mú, ọwọ́ mi sì lọ bá irin gbígbóná. Igbe tí mo ké, èdè Ìkálẹ̀ gidi ni, kò sí rédíò kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń di ọwọ́ náà fún mi, nọ́ọ̀sì tó ń dì í ò wo ọwọ́ mọ́. Ojú mi ló ń wò. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ojú ọ̀tún mi yọ síta ju tòsì lọ? N ò mọ̀. Ta ló ń ráyè wo dígí?

Wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò inú orí mi, mo sì dé iwájú dókítà imú. Obìnrin gíga kan ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sì kánjú. Ó mú bébà, ó ya ojú èèyàn sórí rẹ̀. Ó ní inú egungun ojú wa kún fún yàrá kéékèèké, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, lókè imú, láàárín ojú méjèèjì, pé afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú wọn, olúkúlùkù wọn sì ní ẹnu ọ̀nà tín-ín-rín tó já sínú imú. Tèmi ti wú láti inú, ẹnu ọ̀nà ti dí, ikun imú tó wà nínú yàrá kan ò rọ́nà jáde. Ó wá ń pọ̀ sí i, ó di bí àpò, àpò náà sì ti ń ti ojú mi síta.

"Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?" mo béèrè.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ojú náà lè kú.

Ó ní àwọn á ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ó rí i pé ẹ̀rù bà mí, ó sì fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde fún mi, kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ díẹ̀ lọ, iná wà lórí rẹ̀ àti awò tí yóò máa fi inú hàn wọ́n. Ihò imú ni irin náà máa gbà wọlé, àwọn irin kéékèèké mìíràn á sì tẹ̀ lé e lọ la ẹnu ọ̀nà tó dí náà. Wọn ò ní fọwọ́ kan awọ ojú mi rárá. Ó ní ó léwu díẹ̀, nítorí pé ojú àti ọpọlọ wà nítòsí, ṣùgbọ́n àìṣe é léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ fún àwọn ará ilé.

Mo ti mọ ohun tí ìyá mi máa sọ. Síbẹ̀, nígbà tó sọ ọ́, ó ṣì gbé mi ṣubú.

"Àghan dókítà fẹ́ ṣí ojú rẹ bíi ti Bàbá Àjàgbà," ó ní.

Bàbá Àjàgbà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi pátápátá, òun sì ni olórí ẹbí wọn. Àìsàn imú ti ṣe òun náà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀ láti abẹ́ ìpéǹpéjú wá sí ẹ̀gbẹ́ imú. Àpá náà jìn. Láti ọjọ́ náà ni omi ti ń dà lójú ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń sá fún un. Kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Láti ìgbà tó sì ti di olórí ẹbí ló ti là á sílẹ̀ pé, bí ọ̀bẹ dókítà bá máa kan ẹnikẹ́ni nínú wa, ìbáà jẹ́ ìpá, ìbáà jẹ́ aboyún tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, wọ́n gbọ́dọ̀ wá sí Àjàgbà, ìlú tí òun ń gbé, wá gba àṣẹ lẹ́nu òun ná. Kò sẹ́ni tó rú òfin náà rí.

"Ìyá," mo ní, "wọn ò ní la ojú mi. Ihò imú ni wọ́n ń gbà wọlé."

"Báwo ni èèyàn ṣe ń gba ihò umú dé ìdí ojú? Ọma mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Ẹ bá mi lọ sí Àjàgbà."

Ó lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo pè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní Bàbá ò gbà.

Inú bí mi gidigidi. Èmi ni orí ń fọ́, èmi ni mò ń rí àtẹ̀gùn kan ní méjì, èmi ni mò ń fi ọwọ́ bo ojú kan kí n tó lè sọdá títì, ẹnì kan wá jókòó sí Àjàgbà, ó ní òun ò gbà. Mo sọ fún ìyá mi pé n ó ṣe é.

"Bí o bá ṣe é," ó ní, "tí o ò wá jí ńkọ́? Kí ni mo máa sọ láàárín ẹbí? Wọ́n á ní mo fi ẹnu ara mi rán ọma mi lọ."

"Bí n ò bá ṣe é, tí ojú mi wá fọ́ ńkọ́?"

Mo gbọ́ tí ọ̀gá ń wúkọ́ ní yàrá kejì. Nígbà tó yá, ìyá mi ní kí n dákẹ́ ẹkún, pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún tí ó ní kí n dákẹ́, òun náà ló ń sun ún.

Mo lọ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà lọ́dọ̀ dókítà. Láti ọjọ́ náà, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń jẹun, ṣùgbọ́n n ò fara balẹ̀. Àwọn tó wà lókè òkun máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ń yẹ àwọn lọ́wọ́ wò níbí, ohun tó wù wọ́n ni wọ́n ń ṣe. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti fi ẹnu gbígbòòrò sọ ọ́. Nígbà tó wá kan orí, mo rí i pé n ò mọ bí a ṣe ń dá lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jáde nílé láìdágbére.

Ìyá mi ò tún bá mi jà mọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó lọ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n dá ààwẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi, ó sì fi ìgò òróró àdúrà kékeré kan rán ará Òkìtìpupa kan tó ń bọ̀ ní London. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí n mu ún lẹ́nu kan, kí n sì kán an sí ihò imú méjèèjì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo mu ún, mo kán an, mo sì ṣe àmín.

Ọsibítù ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọ́dọ̀ jẹ, n ò gbọ́dọ̀ mu. Wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà, mo ní n ò jẹ ohunkóhun. Wọ́n bi mí ní wọ́ọ̀dù, mo ní n ò mu ohunkóhun. Ọkàn mi mọ́. Inú ààwẹ̀ ni mo wà! Ta ló ń ka òróró àdúrà mọ́ oúnjẹ? Ẹ bi gbogbo ìyá tó wà ní Ìjù-Odò, kò sí ọ̀kan tó máa sọ pé ẹni tó mu òróró àdúrà ti já ààwẹ̀.

Wọ́n wọ aṣọ ọsibítù fún mi, wọ́n sì ti bẹ́ẹ̀dì mi dé ẹnu tíátà. Ọkùnrin tó máa fún mi ní oògùn oorun bẹ̀rẹ̀ wò mí. Ó wo imú mi, ó fi ìka kàn án, ó fi ìka náà pa àtàǹpàkò rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Mo fi ìgbéraga díẹ̀ dá a lóhùn pé òróró àdúrà ni, láti ilé.

"Imú nìkan lo fi sí?"

Níbẹ̀ ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí mo bá ní mo mu ún, ó lè ní kí n máa lọ sílé, kí wọ́n tó tún rí àyè fún mi, àpò inú orí mi á ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Bí mo bá sì ní n ò mu ún, ta ló máa mọ̀? Mo ti la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àdúrà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ febi pa ara wọn nílé, ṣé èmi ni n ó wá fi irọ́ dé e lórí?

"Mo mu ún," mo ní. "Ẹnu kan."

Kò pariwo. Ó kàn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí òróró yẹn bá gun ọ̀fun wá nígbà tí mo bá sùn, tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró mi, n ò ní jí. Dókítà gíga náà jáde wá, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì wò mí bí èmi gan-an ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ó ní àwọn á fi mí sẹ́yìn gbogbo àwọn aláìsàn ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú jù, àwọn á ṣe tèmi. Bí àkókò bá tán, kí n máa lọ sílé, kí n sì dúró de ìgbà mìíràn.

Wọ́n dá mi padà sí wọ́ọ̀dù. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń ti àwọn ẹlòmíràn lọ, tí wọ́n sì ń ti wọn bọ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá tì kọjá ń jẹ nínú àkókò mi. Obìnrin kan pẹ́ níbẹ̀ títí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i, aláìsàn tí kò ṣẹ̀ mí. Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì, mo fi ọ̀tún wo fèrèsé. Fèrèsé náà ń ṣe bàìbàì.

Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kan ti fóònù tó ní táyà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo rántí pé ìyá mi ti ní òun á wà nílé ọ̀gá lọ́jọ́ náà láti gbọ́ bó bá ṣe rí. Mo ki káàdì ìpè mi bọ̀ ọ́, mo tẹ nọ́ńbà. Ohùn ọkùnrin ló gbé e, ohùn tó ha, ti Bàbá Àjàgbà.

"Ta nìyẹn?"

Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Èmi ni."

"Ùwọ? Ṣé o ti jí ni?"

"Wọn ò tíì ṣe é, Bàbá." Mo sọ ọ̀rọ̀ òróró fún un.

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá rẹ àti òróró! Ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín, á ní kí wọ́n ta á sí ẹnu ọ̀nà ọ̀run."

Ó yà mí lẹ́nu pé ó lè ṣeré. Mo bi í pé kí ló gbé e dé Òkìtìpupa. Ó ní ìyá mi ò lè dá jókòó ti fóònù ni. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò gbà."

"Mo sọ fún ìyá rẹ pé n ò lè gbà fún ẹni tí n ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ló gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ." Ó wá béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ùwọ fúnra rẹ? Wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n bi mí, Bàbá. Dókítà bi mí, nọ́ọ̀sì bi mí. Ìbéèrè wọn ti sú mi."

"Wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n máa gbà?"

"Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún mi. Ihò imú ni."

Ẹ̀rù ń bà mí pé káàdì máa tán. Ó tún sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ bí olórí ẹbí mọ́.

"Bàbá mi ló tẹ̀ka sí ìwé tèmi. Mo wà níbẹ̀, lórí ibùsùn. Mo ti tó géńdé, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ìgbà tí wọ́n ń ná ewúrẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bojú wò mí kó ní, 'Ṣé o fẹ́ ẹ?' Mo jí, mo fi ọwọ́ kan ojú mi, ojú ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa wá gba àṣẹ lẹ́nu mi. Ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ ni mo fẹ́ rí, kí n lè bi í. Ìyá rẹ wá, kò mú ọ wá. Ta ni mo fẹ́ bi?"

"Ẹ bi mí, Bàbá," mo ní.

"Ó dáa, mo ti rí ọ báyìí. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ó yẹ kó bà ọ́. Lọ, ọma mi. A ó jọ rí ara wa." Káàdì tán.

Wọ́n wá gbé mi nígbà tí iná títì ti ń tàn. Èmi ni mo kẹ́yìn. Ọkùnrin oníoògùn oorun tún bi mí bóyá mo ti mu nǹkan kan, mo ní rárá, mo ní kò kù sínú ìgò náà mọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí mo jí, wọ́n ti di nǹkan sí imú mi, itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ wà lọ́fun mi, orí mi wúwo. Mo gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ imú kí n tó ṣe ohun mìíràn. Awọ ibẹ̀ jọ̀lọ̀. Lọ́jọ́ kejì, dókítà wá, ó na ìka sókè, ó ní mélòó ni mo rí. Mo rí ẹyọ kan, àmọ́ bó ṣe gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún pín sí méjì. Ó ní kí n má mikàn, ojú tí wọ́n ti tì láti ọjọ́ pípẹ́ kì í padà sáyè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní àpò náà ti tú, ẹnu ọ̀nà sì ti là.

Bẹ́ẹ̀ ni mò ń wò ó lójoojúmọ́. Mo máa ń dúró ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀bù, n ó máa ka òpó iná. Òpó tó wà ní méjì sún mọ́ra, ó sún mọ́ra, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó di ẹyọ kan tí kò tún pín mọ́. Mo pariwo "Ó ti di ẹyọ kan!" Obìnrin òyìnbó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra. Mo ṣàlàyé fún un, gbogbo rẹ̀, láti orí púpurú títí dórí irin tó ní iná, òun náà sì gbọ́ ọ títí bọ́ọ̀sì fi dé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní London tó jẹ́ kí n sọ ìtàn kan parí láìní kí n tún ọ̀rọ̀ kan sọ fún òun.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè lọ sílé. Mo dé Ìjù-Odò, ìyá mi dì mọ́ mi, ó jó, ó sì pe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Àjàgbà.

Bàbá jókòó níwájú ilé, ó ti gbó ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn tó fi nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó sì gbé e sójú mi. Ó fi àtàǹpàkò wá abẹ́ ìpéǹpéjú, ó wá ẹ̀gbẹ́ imú ọ̀tún, ó wá tòsì. Ó ní kí n gbójú sókè, ó sì yọjú wo ihò imú mi bí ẹni tó ń wo inú ìgò.

"Ibí yìí ni wọ́n gbà?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ju orí sẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó jẹ́jẹ́, omi ojú ọ̀tún rẹ̀ ń dà bó ṣe máa ń dà, n ò sì mọ̀ bóyá omi àtijọ́ ni tàbí òmíràn.

"Uṣẹ́ tí àghan ṣe fún ọ yìí," ó ní, "ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́n nígbà tèmi?"

Mo ti bi dókítà ní irú ìbéèrè yìí rí, nítorí náà mo mọ òótọ́ ibẹ̀. "Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi là yín, ọ̀bẹ kan náà ni wọn ì bá fi la òyìnbó tó bá ní àìsàn yìí nígbà náà. Kò sí irú irin yìí níbì kankan."

"Níbì kankan? Lókè òkun náà?"

"Lókè òkun náà."

Ó mi orí títí. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́ lórí fóònù ni mo ti ń rò ó pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n nígbà tèmi, èmi ni wọ́n kàn rí i pé kò tọ́ sí."